Ọ̀gá Géètì Lọ́dọ̀ Mi

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún, 2025

Mo ti gbé e délé. Mẹ́ta nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá abẹ́ bíríìjì Sango kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò gbé ẹyẹ. Ẹni kẹrin ní òun yóò gbé wa bí mo bá lè fi aṣọ bo àgò náà, nítorí pé òun kò fẹ́ kí odídẹrẹ́ máa wo òun lẹ́yìn ọrùn títí dé ilé. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bò ó. Owó ènìyàn méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé èwo nínú wa ló jẹ́ ènìyàn kejì, ó fọn hóònù.

Láti ìgbà tí àwọn sìkiọ́rítì tuntun ti gba géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì wa lọ́wọ́ Bàbá Fákọ̀yà ni wọ́n ti gbé Ọ̀gá Géètì, odídẹrẹ́ rẹ̀, lọ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀. Kámẹ́rà ni wọ́n fi síbi tí àgò rẹ̀ máa ń wà. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, n kò mọ̀. Ó lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ariwo àti èéfín, tó jẹ́ pé ẹni tó bá rántí ló ń da àgbàdo sí i. Àyà rẹ̀ ti pá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi tu ìyẹ́ ibẹ̀ dànù. Ìrù pupa tó máa ń dán yanran yẹn ku ìyẹ́ méjì péré. Ọmọkùnrin sìkiọ́rítì tó gbé e fún mi ní, "Màmá, ẹ máa gbé e lọ jàre, ó ti gbó." Mo ní èmi náà ti gbó, ṣé kó wá gbé mi sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni.

Bàbá Fákọ̀yà ló rán mi níṣẹ́. Lánàá ló pè mí láti Ìkìrun. Bùkúnmi ọmọ rẹ̀ ló bá a di fóònù mú sétí, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. "Hàlímọ̀, ẹyẹ mi. Bá mi tọ́jú ẹ̀ kára ẹ̀ le, kí Bùkúnmi lè wá gbé e wá fún mi." Bùkúnmi ní kò sí ohun mìíràn tí bàbá òun ń béèrè láàárọ̀ lálẹ́. Bí ẹyẹ náà bá ti ń jẹun, tó lè dúró dáadáa lórí igi, tó lè fara da mọ́tò láti Sango dé Ìkìrun, kí n pe òun. Mo ní mo ti gbọ́. Ta ló rán mi sí i? Èmi tí n kò sin adìẹ rí.

Ọjọ́rú, 14

Kò jẹun. Òjò rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15

Gbogbo ará ilé ti di dókítà. Kàdírì tó ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà níwájú ilé ní ata ni kí n fún un, pé ata ló ń ṣí odídẹrẹ́ lọ́fun. Mo fún un ní ata. Ó wo ata, ó wò mí, ó dijú. Rónkẹ́ tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tèmi ní orin ló fẹ́. Kó tó lọ bá bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Agbára, ó fi orin sí i lórí fóònù. Ẹyẹ náà kọ ẹ̀yìn sí fóònù. Èmi fúnra mi lọ ra bisikíìtì ilé-iṣẹ́ wa, mo ní bóyá ó ń wù ú. Kò fẹnu kàn án. Bóyá òun náà ti mọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn.

Ó kàn dúró sí kọ̀rọ̀ àgò lórí ẹsẹ̀ kan, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ọ̀gá. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni màá sọ fún Bàbá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ọláníyan, dókítà ẹran ní Ọ̀tà. Kó tó wo ẹyẹ, èmi ló kọ́kọ́ gbóòórùn. "Ìyá, kí lẹ̀ ń dín?" Mo ní ìpékeré ni mò ń dín tà. "Nínú ilé tí ẹyẹ yìí wà?" Mo ní ṣé ìta ló fẹ́ kí n ti máa dín in nínú òjò ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èéfín epo kì í bá ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ṣeré, pé èyí tó ti fà sínú lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ti tó o.

Ó fọwọ́ bà á níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní kò sí àrùn lára rẹ̀, ó kàn rù ni, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbì kan. Kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Kí n máa fọ́n omi sí i lára. Kí n máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti èso, kì í ṣe àgbàdo nìkan. "Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹun, Ìyá. Ẹyẹ kì í lè gbààwẹ̀ pẹ́." Títí yóò fi jẹun, ògì ni kí n máa fi sìríńjì fún un. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, ẹyẹ náà sì gé e jẹ ní àtàǹpàkò. Inú mi dùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo ti kó ààrò mi lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ páànù tí Kàdírì bá mi gbé lé igi. Òjò ń ta sínú epo, epo ń ta sí mi lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, òjò tún ní òun fẹ́ bá mi jẹ nínú rẹ̀. Nítorí ẹyẹ! Ká ní wọ́n sọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá ni, màá ní orí ẹni náà kò pé.

Ògì inú sìríńjì: ìdajì sí i lẹ́nu, ìdajì sí mi lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Ó jẹun! Alhamdulillahi, ó jẹun!

Ní ìrọ̀lẹ́, Rónkẹ́ dé láti Agbára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi níbi tí mo gbé àgò sí, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀. Ó ṣí báàgì gbayawu, ó ń tú u, ó ń ṣépè fún kọ́kọ́rọ́. Mo rí i tí Ọ̀gá Géètì sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀. Ó rìn wá sétí àgò. Ó na ọrùn, ó fi ojú kan wo inú báàgì, ó tún fi ojú kejì wò ó. Ó wá ní, "Ṣí báàgì!"

Ohùn Bàbá Fákọ̀yà gan-an ni. Rónkẹ́ ju báàgì sílẹ̀, ó sá. Ní tèmi, ara mi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n: mo ti nà ró, mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìlà géètì! Lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá ti parí la máa ń tò síwájú Bàbá, tí oníkálùkù á ṣí báàgì rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kò jí bisikíìtì gbé. Bàbá á ní, "Kọjá," ẹni tó bá sì kọjá á fún ẹyẹ ní ẹ̀pà tàbí èyí tó kù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bó ṣe ń jẹun láyé rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, èyí tí kò fi ní kú náà ló ń ṣa jẹ. Èmi wá ń gbé abọ́ ka iwájú rẹ̀ bí àlejò, láì jẹ́ kó yẹ ẹrù ẹnikẹ́ni wò!

Mo sáré bu ẹ̀pà, mo dà á sínú báàgì Rónkẹ́, mo ṣí i síwájú rẹ̀, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. "Kọjá!" ló wí. Mo mú ẹ̀pà kan, mo nà án sí i. Ó fi ẹsẹ̀ gbà á, ó bó o pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà, ó jẹ ẹ́. Ó tún na ọrùn. Mo bú sẹ́kún. Rónkẹ́ ní kí n kọ́kọ́ bá òun wá kọ́kọ́rọ́ òun ná.

Ọjọ́rú, 21

Mo kórìíra ìlà yẹn. Gbogbo ọdún tí mo lò nídìí iṣẹ́ pákìn, níbi tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí, kò sí ọjọ́ tí kì í dùn mí pé wọ́n ń yẹ báàgì mi wò bí ti olè. Lónìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi to àwọn ará ilé sórí ìlà. Rónkẹ́ gbé báàgì ibi iṣẹ́, ìyá onílé gbé àpò ọjà, èmi gbé àpò ìpékeré. Ọ̀gá Géètì jẹ ẹ̀pà, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó sọ kùkúḿbà sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú. Ìyá onílé ní irú kí ni èyí láyé òun, ṣùgbọ́n mo rí i tó yí gba ẹ̀yìn, tó tún tò lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Kàdírì kò tò. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin kan rí, pé yíyẹ tí wọ́n ń yẹ ara òun wò lẹ́nu géètì ló lé òun kúrò níbẹ̀. "Ìyá Ruqoyah, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n kí ẹyẹ wá máa sáàṣì mi? Rárá o." Mo ní kò burú. Gbogbo ìgbà tí a fi ń tò, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wá. Nígbà tí gbogbo wa ti kọjá, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ṣí i, ó yíjú síbòmíràn. Ọ̀gá Géètì yẹ àpótí náà wò pẹ́ ju ti gbogbo wa lọ. Ó wo òòlù, ó wo Kàdírì, ó tún wo òòlù. Nígbà tó wá ní "Kọjá!", Kàdírì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí adájọ́ dá sílẹ̀.

Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Ruqoyah ọmọ mi dé láti Abẹ́òkúta. Kó tó kúnlẹ̀ kí mi, Ọ̀gá Géètì ti ní kó ṣí báàgì. Ẹran àgbò ló kún inú rẹ̀. N kò tíì rí i kó sọ "Kọjá" kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Kàdírì ní àgò tí ẹyẹ wà, ẹ̀wọ̀n ni. Láti ìjẹta ló ti ń jó irin, ó kọ̀ láti gba kọ́bọ̀. Lónìí tí kò síṣẹ́ ló gbé àgò tuntun jáde, ó ga tó mi léjìká, ó ti fi ọ̀dà kùn ún láwọ̀ ewé àti funfun. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà Ọláníyan kó lè bá mi yọ̀. Ó pè mí kíá: "Ìyá, ẹ má gbé ẹyẹ sínú ẹ̀ o! Ó máa fi ẹnu họ ọ̀dà yẹn jẹ, májèlé ni."

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún Kàdírì? Mo se ìrẹsì, mo gbé e fún un, mo dúró kó jẹ ẹ́ tán. Mo wá sọ ọ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni ìrẹsì náà, òun ì bá ti fi díẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Kàdírì họ ọ̀dà náà tán. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ẹyẹ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jó irin, òun kò rí oníbàárà tó le báyìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Dókítà wá wo ẹyẹ nílé. Ó yin sísanra rẹ̀, ó yin àgò, ó wá bá mi jà. Ó ní àwa là ń ṣiṣẹ́, ẹyẹ ló ń jókòó. Tó bá ń bá a lọ báyìí, ìyẹ́ apá rẹ̀ kò ní lágbára láé. Ó ní kó máa wá oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo gé aṣọ àlòkù, mo rán an ní àpò kéékèèké, mo fi okùn pa wọ́n lẹ́nu, mo so wọ́n mọ́ òkè àgò pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ọ̀gá Géètì dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè sí wọn. "Ṣí báàgì!" Báàgì kò dá a lóhùn. "Ṣí báàgì!" Gbogbo ọ̀sán ló fi ń pàṣẹ fún àpò. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mo wá lọ jókòó sẹ́yìn ilé kí n má baà ṣí i fún un.

Ọjọ́rú, 25

Ó gun òkè! Ó fi ẹnu kọ́ irin, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ irin, ó sinmi láàárín méjì, ó tún gùn. Ó tú okùn, ó da kùkúḿbà sí mi lórí, ó jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀pà kọ́ńgò kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta o, kó mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Kò sí báàgì tó tún lè dúró níwájú rẹ̀. Ó já sípù báàgì Rónkẹ́, ó fa wíìgì rẹ̀ jáde, ó wọ́ ọ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rónkẹ́ ní kí n ra òmíràn. Mo ní kó fẹjọ́ sùn ní géètì.

Ìrì òjò ń sẹ̀ láàárọ̀, mo gbé e síta sínú rẹ̀. Ó na apá méjèèjì, ó gbọ̀n wọ́n, ó ń lù wọ́n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Ìyẹ́ ti bo àyà rẹ̀, ìkó pupa tuntun sì ti ń yọ nírù. Tí mo bá ń lọ sídìí ààrò mi, òun náà á máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé mi lórí sìmẹ́ńtì, á máa mi ìdí bí ìyàwó alága. Mo ní láti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí èéfín. Inú á bí i, á gé bàtà mi jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Bùkúnmi pè. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Ẹyẹ ńkọ́, mà?" Ọ̀gá Géètì wà lórí orókún mi nígbà náà, ó ń tú bọ́tìnnì mi. Ẹnu mi ní, "Ó ń gbìyànjú. Kò tíì lè dúró lórí igi." N kò mọ ibi tó ti wá. Mo gé fóònù. Rónkẹ́ ti gbọ́. Ó ní, "Háà, Ìyá Ruqoyah! Ayékòótọ́ lẹ gbé sórí ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń parọ́?" Mo ní kó lọ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọjọ́ tí mo bá sọ pé ara rẹ̀ le ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. N kò fẹ́ kó lọ. Mo kọ ọ́ síbí kó lè kúrò lọ́kàn mi, kò kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Wọ́n tún pè, mo tún irọ́ náà pa. Bùkúnmi ní Bàbá kì í fẹ́ ṣe eré ọwọ́ tí wọ́n ní kó máa ṣe, ó ní ìgbà tí ẹyẹ òun bá dé ni òun yóò bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí. Aláìsàn ni mò ń purọ́ fún, ẹni tó mọ̀ pé mo máa ń kó bisikíìtì fífọ́ fún Ruqoyah nígbà tó wà ní kékeré, tó sì máa ń ní kí n kọjá. Mo bi Dókítà bóyá ẹyẹ náà lè rìnrìn-àjò. Ó ní Ìkìrun kọ́, kódà kó lọ sí Mẹ́kà.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Keje

Láti àárọ̀ ni mo ti pinnu pé òtítọ́ ni màá sọ. Mo fọ àgò kékeré tí yóò fi rìnrìn-àjò, mo sá a sóòrùn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo pe Bùkúnmi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Hàlímọ̀. Ṣé ó ti lè dúró?"

Gbogbo òtítọ́ tí mo tò kalẹ̀ fò lọ. "Kò tíì lè dúró, Bàbá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó tún..."

N kò parí rẹ̀ tí ẹ̀rín fi sọ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín ńlá, èyí tó ń ti inú ikùn bọ̀, tó ń lọ sókè, tó wá ń fà bí ẹni tí èémí fẹ́ tán nínú rẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú pé ìyá onílé ló wọlé. Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀gá Géètì ni. Ó wà lókè pátápátá, ó na apá méjèèjì, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Ẹyẹ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ẹ̀rín ta ni mò ń béèrè."

N kò mọ̀. Ta ló mọ ẹ̀rín ara rẹ̀? Rónkẹ́ ló pariwo láti yàrá rẹ̀: "Tiyín ni, Ìyá Ruqoyah! Bẹ́ ẹ ṣe máa ń da gbogbo ilé láàmú nìyẹn!"

"Tìẹ ni," Bàbá ní. "Láti pákìn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ kí ìlà yín tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo ọdún témi àti ẹyẹ yìí fi wà ní géètì, fèrè ilé-iṣẹ́ ló mú sẹ́nu, hóònù tírélà ló mú, àṣẹ tí mo ń pa ló mú. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kọjá níwájú ẹ̀. Kò mú ẹ̀rín kan rí." Ó sinmi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Hàlímọ̀, ṣé ó ti lè dúró?"

"Ó ti lè dúró, Bàbá. Ó ń gun òkè, ó ń já báàgì gbogbo wa. Ó ti pẹ́. Irọ́ ni mo ń pa fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ọjọ́ tó bá wu Bùkúnmi ni kó wá."

"Kó má wá."

Mo rò pé inú bí i. Mo tún fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ní kó má wá. Ẹyẹ tó dàgbà tó báyẹn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ ẹ̀rín, ṣé ẹ máa gbé e kúrò níbi tó ti kọ́ ọ ni? Bá mi gbé fóònù sún mọ́ ọn. Jẹ́ kó tún rẹ́rìn-ín."

Mo gbé fóònù mọ́ irin àgò. Èmi ló yẹ kí n bá a bẹ̀rẹ̀, ẹkún kò jẹ́. Òun kò dúró dè mí. Ó tún un rín, ó fà á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wá gbọ́ ẹ̀rín kejì láti inú fóònù. Ó há, ó ń já láàárín, ó tún ń bọ̀. Bàbá ni. Àwọn méjèèjì jọ ń rín in, ẹyẹ ní Sango, Bàbá ní Ìkìrun, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́.

Bùkúnmi gba fóònù. "Àǹtí, láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, a ò tíì gbọ́ eléyìí lẹ́nu Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa tún pè lọ́la?"

Mo ní a óò pè.